Kókó tí Kì í Dunni: Ẹ Má Gbàgbé Rẹ̀, Ẹ Má sì Jẹ́ Kó Pa Yín Láyà

 

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń fi omi yọ ẹnu nínú àlùwàlá kan. Bí ènìyàn bá ṣe àlùwàlá fún ìrun márààrún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni omi wọ ẹnu rẹ̀ lóòjọ́, yàtọ̀ sí pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó fi fọ eyín. Agbára káká ni ibòmíràn lára wa fi ń rí omi tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí kálukú bi ara rẹ̀ léèrè: ìgbà wo ni mo yọ ahọ́n síta níwájú dígí gbẹ̀yìn, tí mo wo òkè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀? Púpọ̀ nínú wa kò ní rí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ ka ìyá kan sí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń ta aṣọ lọ́jà, tó sì ń kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò ní kéwú ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ kan, ó fi ahọ́n kan eyín, ó gbọ́ ọ lára pé nǹkan le kóró kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n òun. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Kò dùn ún, kò ṣẹ̀jẹ̀, kò dí oúnjẹ lọ́wọ́. Ó ní bóyá òun ni òun bu ahọ́n jẹ lójú oorun. Oṣù mẹ́ta kọjá, ọdún kan kọjá, kókó náà ṣì wà níbẹ̀. Aládùúgbò kan ní kó máa fi omi iyọ̀ gbígbóná yọ ọ́. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnì kẹta wá sọ èyí tó burú jù: ó ní jẹjẹrẹ ni, pé bí ó bá fi lè dé ilé ìwòsàn, wọn yóò gé ahọ́n rẹ̀ dànù. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ dókítà sí òun létí mọ́. Kí ni olùkọ́ kéwú fẹ́ fi ayé ṣe láìsí ahọ́n?

Nínú àwọn ohun tí irú kókó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ilé, nítorí ó kọ́ wa bó ṣe yẹ ká ṣe sí gbogbo kókó tí a bá rí lára.

Kí ni kókó yìí?

Àwọn oníṣègùn ń pè é ní granular cell tumour. Níhìn-ín, a ó máa pè é ní kókó oníhóró, nítorí pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹran rẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kún fún hóró wínníwínní, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo gààrí nínú abọ́.

Dókítà ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Abrikosov ni ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní ọdún 1926. Òun náà ni ó ṣe àyẹ̀wò òkú Lenin, olórí Rọ́ṣíà, nígbà tí ó kú ní 1924. Orí ahọ́n ni ó ti rí púpọ̀ nínú àwọn kókó tó yẹ̀ wò, èrò rẹ̀ sì ni pé láti inú ẹran ahọ́n fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti hù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìmọ̀ wá fi hàn pé ibòmíràn ni wọ́n ti ń wá.

Nínú ara wa, àwọn iṣan kan wà tó dà bí wáyà iná. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tí wọ́n sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ahọ́n. Bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bo àwọn iṣan yìí. Sẹ́ẹ̀lì Schwann ni wọ́n ń pè wọ́n; orúkọ onímọ̀ ará Jámánì kan, Theodor Schwann, ni wọ́n fi sọ wọ́n. Láti ara irú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni kókó oníhóró ti ń jáde. Níwọ̀n ìgbà tí iṣan sì ti tàn káàkiri gbogbo ara, kò yà wá lẹ́nu pé kókó yìí lè yọ sí ibi tó bá wù ú.

Kí wá ni àwọn hóró inú rẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ sí, ásíìdì wà níbẹ̀ tó ń jẹ ìdọ̀tí náà run, bí ẹni tó ń sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní New York tẹ àbájáde kan jáde pé nínú púpọ̀ àwọn kókó yìí, àbùkù ti bá ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣètò ásíìdì náà. Nígbà tí ásíìdì kò tó mọ́, ìdọ̀tí ń pọ̀ sí i, kò sí ohun tí yóò jẹ ẹ́ run. Àkójọ ìdọ̀tí yìí ni a ń rí bí hóró.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa, nítorí ó gba ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú kókó náà ni àbùkù yìí ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé aláìsàn kò fọ ẹnu, kì í ṣe pé ó jẹ èèwọ̀, kì í ṣe pé ìyàwó kejì ta á ní nǹkan. Kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ lè jọ mu omi nínú ife kan. Lára àwọn tó ní in, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ pé inú ẹbí ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń yọ, àti bí ó ṣe ń rí

Nǹkan bí ìdajì àwọn kókó yìí ni ó ń yọ ní orí àti ọrùn, ahọ́n sì ni ibi tó fẹ́ràn jù lọ. Lẹ́yìn èyí ni abẹ́ awọ ara: ẹ̀yìn, apá, àyà, itan. Ó ń yọ nínú ọmú obìnrin, kódà ó lè yọ nínú ọmú ọkùnrin. Ó ń yọ ní ojú ara obìnrin. Nínú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà, ọ̀nà ọ̀fun ni ó ti wọ́pọ̀ jù, ó sì lè wà nínú ìfun ńlá. Nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà, ó lè wà ní gògóńgò, níbi tí ohùn ti ń jáde, tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn tó wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́ta ni ó sábà máa ń mú, ó sì ń mú obìnrin tó ìlọ́po méjì ọkùnrin. Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn, a rí i pé ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kà á sí àrùn òyìnbó.

Bí ó bá wà ní orí ahọ́n tàbí lábẹ́ awọ, ó sábà máa ń le, kò sì ní ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ibi tó wà; nígbà mìíràn ó máa ń pọ́n rúsúrúsú tàbí kó funfun díẹ̀. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó lè lo ọdún bíi mélòó kan kí ó tó hàn sí ojú ẹni. Èyí tó pọ̀ jù kì í dunni. Bí ó bá wà ní gògóńgò, ohùn há ni ó máa ń fa. Ládàánì tí ohùn rẹ̀ ti há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí kò ní ọ̀fìnkìn, kí ó má kàn máa mu oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ kiri. Kí ó jẹ́ kí dókítà wo ọ̀fun rẹ̀. Bí ó bá wà ní ọ̀nà ọ̀fun, oúnjẹ lè máa há ènìyàn lọ́nà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kàn ń bá a pàdé nígbà tí wọ́n bá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà wo inú nítorí nǹkan mìíràn.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ó máa ń ní ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ọ̀kan, ó yẹ kí dókítà wo ibi tó kù lára.

Ṣé jẹjẹrẹ ni?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún kókó oníhóró, kò tó méjì tó jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tó kù kì í tàn kálẹ̀, kì í pani. Alḥamdulillāh.

Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ náà kò ṣeé fojú di, nítorí wọ́n lè ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti egungun, oògùn jẹjẹrẹ àti iná ìtọ́jú kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Àwọn àmì tó yẹ kó lé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá ni ìwọ̀nyí: kókó tó ń yára dàgbà, èyí tó ti tóbi tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, èyí tó di egbò tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, èyí tí wọ́n ti gé tó tún hù padà, àti kókó mìíràn tó yọ ní ọrùn tàbí abíyá ní ẹ̀gbẹ́ ibi kan náà.

Ta ni yóò wá mọ èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ? Kì í ṣe ojú lásán. Kì í ṣe ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà to àmì mẹ́fà sílẹ̀ tí a lè fi dá èyí tó burú mọ̀, abẹ́ ẹ̀rọ awò ni a sì ti ń rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èyí tó bá ní mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n kà sí jẹjẹrẹ.

Àṣìṣe méjì tó lè ba ayé ènìyàn jẹ́

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin ìdílé Mùsùlùmí ni pé kókó oníhóró a máa tan ènìyàn jẹ, títí kan àwọn tó mọṣẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ti ahọ́n. Kókó yìí kì í wà lókè pátápátá. Abẹ́ awọ ahọ́n ni ó máa ń wà. Ṣùgbọ́n awọ tó wà lórí rẹ̀ a máa nípọn, a máa ta gbòǹgbò wọ ìsàlẹ̀, débi pé bí wọ́n bá ha òkè rẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó lè jọ jẹjẹrẹ ahọ́n gan-an. Bí wọ́n bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀nba tí wọ́n ha náà, wọ́n lè sọ pé jẹjẹrẹ ni ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọ́n sì lè gé ju bó ti yẹ lọ. Ohun tó dára ni kí ẹran tí wọ́n bù jinlẹ̀ tó, kí kókó tó wà lábẹ́ lè bá a jáde.

Èkejì ni ti ọmú. Kókó oníhóró nínú ọmú lè le bí òkúta, ó lè fa awọ ọmú wọlé, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ẹran àyà. Bí wọ́n bá yà á ní àwòrán, ó lè rí gẹ́lẹ́ bíi jẹjẹrẹ ọmú. Obìnrin tí wọ́n bá gé ọmú rẹ̀ nítorí àwòrán nìkan, tí ó wá jẹ́ pé kókó oníhóró ni, ó ti pàdánù ohun tí kò yẹ kí ó pàdánù. Ṣùgbọ́n kí obìnrin kankan má torí èyí sọ pé, “Bóyá tèmi náà kì í ṣe jẹjẹrẹ.” Rárá o. Jẹjẹrẹ ọmú wọ́pọ̀ ju kókó oníhóró lọ fíìfíì. Gbogbo kókó inú ọmú ni kí a tètè gbé lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran rẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá.

Nínú láàbù, àwọn tó ń yẹ ẹran wò ní aró kan tí wọ́n ń lò, S-100 ni wọ́n ń pè é. Kókó oníhóró a máa gba aró yìí, nítorí ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Bí dókítà bá ní òun fẹ́ kí wọ́n fi aró kún àyẹ̀wò náà, tí owó sì lé díẹ̀, ẹ má rò pé ó fẹ́ jẹ yín ní owó. Owó náà lè jẹ́ ohun tí yóò yọ ahọ́n tàbí ọmú kúrò lábẹ́ abẹ.

Ìtọ́jú rẹ̀

Gígé ni ìtọ́jú rẹ̀. Kò sí àgbo tí ń yọ́ ọ, kò sí hóró oògùn tí ń sọ ọ́ di kékeré. Àwọn mìíràn máa ń fi oògùn gbígbóná jó kókó tó wà lábẹ́ awọ, tàbí kí wọ́n fi okùn so ó. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni egbò, ìdọ̀tí inú egbò, àti àpá tí kò ní jẹ́ kí dókítà mọ bí kókó náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa gígé rẹ̀. Kókó ọ̀rá tó sábà máa ń yọ lábẹ́ awọ ní àpò tirẹ̀. Bí dókítà bá la awọ, a máa yọ jáde odidi bí ẹyin tí a bó èèpo rẹ̀. Kókó oníhóró kò ní àpò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń na ọmọ ìka sáàárín ẹran tó yí i ká. Bí wọ́n bá gé ibi tó wú nìkan, ìyókù lè tún hù. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń gé díẹ̀ kún un lára ẹran tó dára, tí láàbù sì máa ń wo etí ohun tí wọ́n gé bóyá ó mọ́. Bí etí rẹ̀ bá mọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ó padà.

Nítorí náà, ẹni tó ní kókó tó tó hóró ẹ̀wà lórí ahọ́n lónìí, abẹ kékeré ni yóò kàn án. Wọn a kùn ún lóògùn kí ó má bàa gbọ́ ìrora, wọn a rán ojú ibẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ a máa jinná. Ọ̀rọ̀ sísọ àti kéwú kíkà kò ní bàjẹ́. Ẹni tó bá dúró títí kókó náà fi tó ẹ̀pà méjì tàbí mẹ́ta, ẹran tí wọn yóò gé yóò pọ̀ sí i. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìbẹ̀rù pé wọn yóò gé ahọ́n ni ó máa ń mú ènìyàn dúró, ìdúró yìí gan-an ni ó sì lè mú kí gígé náà tóbi.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí aláìsàn máa padà lọ fi ara han dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un.

Ọmọ tuntun tó ní kókó lérìgì

Kókó kan wà tó jọ èyí, tó sì máa ń kó ìdààmú bá ilé lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Wọ́n lè bí ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin, kí kókó pupa kan sì wà lára èrìgì rẹ̀, èrìgì òkè ni ó sábà máa ń jẹ́, kí ó yọ síta láti ẹnu. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Neumann ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1871. Abẹ́ ẹ̀rọ awò, ó rí bíi kókó oníhóró, ṣùgbọ́n kì í gba aró S-100, ibi tó ti ṣẹ̀ wá sì yàtọ̀.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àjèjì ọmọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tàbí okùn kàn án nílé. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kò pọ̀ rárá. Kókó yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí ó bá tóbi tó fi dí ọmú mímu tàbí èémí lọ́wọ́, dókítà yóò gé e, kì í sì padà wá. Bí ó bá kéré, ó lè sún kì fúnra rẹ̀. Kí ẹ fún ọmọ yín ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ ṣe súnà rẹ̀ lọ́jọ́ keje bí agbára bá ká a, kí ẹ sì dúpẹ́ fún Ọlọ́hun.

Ìtìjú, àdúrà àti sísin ẹran

Ohun mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi dá ara wọn dúró.

Àkọ́kọ́ ni ìtìjú. Ìtìjú jẹ́ ara ìgbàgbọ́, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ní kókó nínú ọmú tàbí ní ojú ara, tó fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ àti dókítà fún ọdún méjì, ìtìjú ti di ìpalára fún un. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fẹnu kò pé ìnira a máa mú ìrọ̀rùn wá, pé dókítà lè wo ibi tí ìwòsàn bá béèrè, kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Kí a kọ́kọ́ wá dókítà obìnrin. Bí kò bá sí, kí ọkọ, ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a wọlé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni ẹ lè ṣí ọ̀nà yìí. Ẹ sọ fún aya yín pé, “Ìyá ọmọ mi, bí ohunkóhun bá wà lára rẹ, sọ fún mi, a ó jọ lọ ni.” Ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè gba ẹ̀mí là.

Èkejì ni gbígbára lé Ọlọ́hun. Àwọn ará oko kan wá bá Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wọ́n bi í bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn fún àìsàn. Ó ní kí wọ́n máa wá a, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé Ọlọ́hun tó dá àìsàn náà ni ó dá ìwòsàn rẹ̀. Àdúrà àti rúkíyà kò bá abẹ dókítà jà. Ẹni tó ka Kùránì sí ara rẹ̀ lówùúrọ̀ tó sì wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ ni ìjọ́sìn.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹran tí wọ́n gé. Àwọn ìdílé kan máa ń bèèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti lọ sin ín, nítorí ọ̀wọ̀ tí ẹ̀sìn fún ara ọmọ ènìyàn. Ìfẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sin kí láàbù tó wò ó, ẹ ti sin ìdáhùn pọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí yóò lè mọ̀ mọ́ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ kí láàbù ṣe tirẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bá ilé ìwòsàn àti àáfà yín sọ ọ́ lórí èyí tó kù.

Ohun tí ìdílé lè máa ṣe

Ẹ sọ ọ́ di àṣà pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bóyá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan kí ẹ tó lọ wẹ̀, kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan nínú ilé wo ẹnu rẹ̀ nínú dígí níbi tí iná ti mọ́lẹ̀. Kí ó yọ ahọ́n, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti abẹ́ rẹ̀, kí ó fi ìka tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà ìwẹ̀, kí ó fi ọṣẹ àti ọwọ́ wá ọrùn, abíyá, apá àti itan. Kí obìnrin tẹ ọmú rẹ̀ wò lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti parí, nígbà tó bá ń wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra. Kí a kọ ọjọ́ tí a rí kókó sílẹ̀, àti bí ó ṣe tóbi tó.

Kókó tàbí egbò ẹnu tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí dókítà eyín. Kókó ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ gé kókó èyíkéyìí lára ènìyàn yín, ẹ bèèrè ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: Ṣé ẹ máa fi ẹran náà ránṣẹ́ sí láàbù? Èló ni owó rẹ̀? Ìgbà wo ni èsì yóò jáde? Bí ilé ìwòsàn kékeré tí ẹ wà kò bá ní láàbù bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ dókítà, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó tàbí UITH ní Ìlọrin. Inú oògùn fọ́málínì ni wọ́n ń tọ́jú ẹran sí kí ó má bàa bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbé e fún yín pé kí ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e sínú omi lásán, ẹ má gbé e sínú fìríìsà, ẹ má sì jẹ́ kí ó sùn mọ́ yín lọ́wọ́ nílé.

Bí èsì bá jáde, ẹ gbà á, ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pàtàkì ilé. Bí èsì bá ní jẹjẹrẹ ni, tí wọ́n sì fẹ́ gé ahọ́n tàbí ọmú, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé dókítà láàbù mìíràn lè bá wa wo ẹran náà lẹ́ẹ̀kan sí i?” Láàbù sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè náà má di ọgbọ́n láti sá lọ. Kí ẹ tètè gba ìdáhùn, kí ẹ sì tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá olùkọ́ kéwú wa. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè jókòó ti ìbẹ̀rù rẹ̀ fún ọdún márùn-ún sí i, kí kókó náà máa dàgbà, kí ó má sì mọ ohun tí ó ń jẹ́. Ó sì lè jẹ́ kí àkọ́bí rẹ̀ mú un lọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n gé ohun tó tó hóró ẹ̀wà, kí láàbù sọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì padà sórí ẹní rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ohun tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kò ju pé kí ẹnì kan nínú ilé sọ fún un pé, “Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé yín, ẹ̀yin ni ẹni tó yẹ kó sọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó jẹ́ kí ahọ́n wa máa pe orúkọ Rẹ̀ títí dé òpin ẹ̀mí wa. Àmín.